Awẹ́ Àwòrán Tó Wà Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìgúnpá Mi

Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún yín pé nǹkan kan ń hù lábẹ́ ọpọlọ yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ jókòó. Ẹ mu omi tútù. Èmi tí mò ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, wọ́n sọ irú rẹ̀ fún mi rí, nọ́ọ̀sì ló sì dì mí mú dé orí bẹ́ǹṣì. Lónìí, mo wà láyé, mò ń ríran, mò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwèé. Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ síta ni pé ohun tó kọ́kọ́ tú àṣírí àìsàn mi kì í ṣe ẹ̀rọ, kì í sì í ṣe ìran. Eré ni, eré tí a jókòó ṣe lórí ẹní lọ́jọ́ tí àlejò wá kí wa.

Lálúpọn ni mò ń gbé, tíṣà ni mí ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọkọ mi, Bàbá Túnjí, ń ṣiṣẹ́ akọ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀. Ọmọ méjì la bí, Túnjí àti Bùsáyọ̀, àwọn méjèèjì sì ti wọ sẹ́kọ́ńdìrì nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀. Ìyá tó bí ọkọ mi ń gbé lọ́dọ̀ wa, Ìyá náà la sì ń pè wọ́n. Inú ìjọ Onítẹ̀bọmi ni wọ́n ti tọ́ èmi dàgbà, ṣùgbọ́n Aládùúrà tó ń wọ aṣọ funfun ni Ìyá, wọn kì í fi ọ̀rọ̀ àdúrà ṣeré. Ìgbà ìjọba ológun ni, nígbà tí èèyàn lè to ìlà epo bẹntiróòlù títí ilẹ̀ á fi ṣú. Mi ò tíì pé ogójì ọdún.

Orí ló kọ́kọ́ ń fọ́ mi. Kì í ṣe irú èyí tí èèyàn ń lo oògùn kan sí, tí á sì lọ. Ẹ̀yìn ojú ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀, bí ẹni pé ẹnì kan wà nínú lọ́hùn-ún tó ń fi àtàǹpàkò ti ẹyinjú mi síta. Mo ní iṣẹ́ ló pọ̀ jù. Nǹkan oṣù mi dáwọ́ dúró, mo ní bóyá ó ti rẹ̀ mí ni. Lọ́jọ́ kan tí mò ń kọ ìṣirò sójú pátákó, mo yíjú padà, mo rí i pé àyà mi ni àwọn ọmọbìnrin tó jókòó níwájú tẹjú mọ́. Mo wo ara mi. Bùbá mi ti tutù lójú ọmú méjèèjì. Mo gbá ìwé mọ́ àyà, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kọ́ wọn títí agogo fi lù.

Nígbà tí mo délé, mo sọ fún Ìyá, torí mi ò mọ ẹlòmíràn tí mo lè sọ irú rẹ̀ fún. Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀.

"Omi ọyàn? Nǹkan oṣù ńkọ́?"

Mo ní kò wá. Ìyá ju abẹ̀bẹ̀ sílẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jó. "Mo mọ̀! Mo sọ fún wọn pé ilé yìí kò tíì kún!"

Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń gbààwẹ̀ pé kí n tún bímọ kan sí i. Inú èmi náà dùn díẹ̀, ẹ̀rù sì bà mí díẹ̀, nítorí ara mi kò ṣe mí bí ara aboyún. Ìyá mú mi lọ sí ilé àdúrà wọn. Wòlíì gbọ́wọ́ lé mi lórí, wọ́n dijú, wọ́n ní, "Mo rí ohun kan tó ń dàgbà nínú obìnrin yìí." Gbogbo ìjọ kígbe halelúyà.

Oṣù ń gorí oṣù, ikùn mi kò yọ. Ilé ìwòsàn kékeré tó wà ládùúgbò wa yẹ̀ mí wò, wọ́n ní kò sí oyún. Ìyá ní wọn ò mọ nǹkan kan. Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi yí padà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé àwọn ayé ló so oyún náà mọ́lẹ̀. Mo mu omi àdúrà. Mo mu àgbo tí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi gbé wá láti Ẹ̀gbẹ́dá. Mo lọ wẹ̀ lódò tó ń ṣàn. Ohun kan ṣoṣo tí mi ò ṣe ni kí n wá dókítà tó mọ̀ nípa irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lọ, torí ojú ń tì mí láti máa sọ̀rọ̀ ọyàn níwájú ọkùnrin tí mi ò mọ̀ rí. Ẹ̀yin obìnrin tí ẹ ń ka èyí, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe bí mo ti ṣe.

Láàárín gbogbo èyí ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lu nǹkan. Bí mo bá fẹ́ wọlé, èjìká mi á gbá òpó ilẹ̀kùn. Mo gbá ife omi dànù lórí tábìlì ọ̀gá ilé ìwé wa. Lọ́jọ́ tí mo lọ ra gàrí níbi tí àwọn obìnrin ti ń yan án, mo fi ẹsẹ̀ gbá odidi igbá gàrí tútù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ajọ̀ kù, ó dà sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sì ń bẹ̀bẹ̀ bí ọmọdé. Ọ̀kadà kan sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá mi létí títì. Ọlọ́kadà náà bú mi títí tó fi rìn jìnnà. Èmi ò mọ ibi tó gbà yọ.

Èyí tó dùn mí jù ni ti ìkíni. Bàbá àgbà kan wà ládùúgbò wa tí mo máa ń kúnlẹ̀ kí. Wọ́n wá fẹjọ́ mi sun ọkọ mi níwájú ilé.

"Akọ̀wé, ìyàwó rẹ ti di ẹni ńlá o. Mo jókòó, ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo pè é, ó dáhùn, kò wojú mi. Ó ń lọ tirẹ̀ ni."

Mo fi Bíbélì búra fún ọkọ mi pé mi ò rí Bàbá. Ó ní, "Ìyá Túnjí, ẹ̀gbẹ́ rẹ gan-an ni Bàbá jókòó sí." Mo rò pé bóyá orí mi ló fẹ́ dàrú. Mi ò sọ èyí fún ẹnikẹ́ni.

Nígbà tó di ìsinmi Àjíǹde, Kọ́lá, àbúrò mi, kó ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ wá kí wa láti Kàdúná. Bísí ni ìyàwó rẹ̀ ń jẹ́, aránṣọ ni. Wọ́n kó iṣu wá, wọ́n kó àlùbọ́sà wá, wọ́n sì mú páálí pẹlẹbẹ kan wá tí a ò rí irú rẹ̀ rí. Òyìnbó kan níbi iṣẹ́ Kọ́lá ló ń padà sí ìlú rẹ̀, ó pín ẹrù àwọn ọmọ rẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́, ohun tó kan Kọ́lá nìyẹn. Àwòrán ilé funfun ńlá kan létí omi ló wà lójú páálí náà, pẹ̀lú ọkọ̀ ojú omi pupa kan. Bí ẹ bá ṣí i, awẹ́ kéékèèké ló kún inú rẹ̀, òmíràn ní ihò létí, òmíràn yọ orí síta, kí wọ́n lè kọ́ mọ́ra wọn. Ẹ ó máa tò wọ́n pọ̀ títí àwòrán ojú páálí á fi jáde lódindi. Jígísọ̀ ni Kọ́lá ní wọ́n ń pè é.

A tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, Kọ́lá da gbogbo awẹ́ náà sílẹ̀. Ìyá yọjú látinú iyàrá.

"Ta ló fọ́ ilé onílé báyìí?"

"Ìyá, eré ni," ni Kọ́lá wí. "À ń tún un kọ́ ni."

"Ẹ fọ́ ohun tó dáa, ẹ wá ń tún un kọ́. Ó dáa. Koríko wà lẹ́yìnkùlé tí ẹ bá ń wá eré."

Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí Ìyá fi gbé àpótí ìjókòó wọn wá. Kò sì pẹ́ lẹ́yìn náà tí wọ́n fi ń pàṣẹ fún gbogbo wa. "Èyí tó pọ́n yẹn, ara ọkọ̀ ni. Túnjí, o ò ríran ni? Mú un wá síbí." Ọkọ mi, tí kì í ṣeré, ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ sókè, ó dọ̀bálẹ̀ sórí ẹní, ó ní òun lòun máa to ọkọ̀ pupa yẹn fúnra òun, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Àwọn ọmọ pín ojú ọ̀run àti omi láàárín ara wọn, wọ́n sì ń jà torí pé búlúù ni méjèèjì. Ẹ̀rín sọ láàárín wa. Ó ti pẹ́ tí ilé wa ti dùn tó bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn. Orí ń fọ́ mi, ṣùgbọ́n mo gbàgbé rẹ̀.

Èmi àti Kọ́lá la mú etí àwòrán náà, torí láti kékeré la ti máa ń bára wa díje. Apá tèmi ń yọrí kánkán, àfi ibì kan ṣoṣo tí awẹ́ rẹ̀ sọnù. Mo wá a, mi ò rí i.

Mo ní, "Kọ́lá, ìwọ lo jí i. O ti jókòó lé e."

Kọ́lá bú sẹ́rìn-ín. "Àǹtí, ẹ wò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgúnpá yín."

Mo ní mi ò rí nǹkan kan. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé mò ń ṣe àwàdà. Mo na ọwọ́, mo tún fi ìgúnpá ti awẹ́ náà sẹ́yìn, wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Bùsáyọ̀ ní, "Ẹ̀gbẹ́ yín ló wà, Mọ́mì, ọwọ́ òsì!" Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òógùn ti bò mí. Nígbà tí mo wá yí gbogbo orí mi sí apá òsì, ibẹ̀ ni awẹ́ náà wà. Kò pamọ́ rárá.

Bísí nìkan ni kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó mú awẹ́ kan tó pọ́n, ó wá jókòó síwájú mi.

"Àǹtí mi, ẹ má bínú. Ẹ máa wo imú mi. Ẹ má wo ọwọ́ mi. Tí ẹ bá ti rí awẹ́ yìí, ẹ sọ."

Mo tẹjú mọ́ imú rẹ̀. Ó na ọwọ́ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ó ń fà á bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo dúró, mo dúró, mi ò rí nǹkan kan. Mo ní, "Ìyàwó wa, o ò tíì bẹ̀rẹ̀ ni?" Ọwọ́ rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kó tó yọ sí mi. Ó ṣe apá ọ̀tún, bákan náà ni. Mo gbọ́ tí ọkọ mi dìde lórí ẹní.

Bísí sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, omijé ti kún ojú rẹ̀. "Báyìí ló ṣe bàbá mi. Ẹ̀gbẹ́ ni wọn kò kọ́kọ́ rí mọ́, a sì ń bú wọn pé wọn kì í fara balẹ̀. Ìgbà tí a máa fi gbé wọn délé ìwòsàn, ó ti pẹ́ jù. Àǹtí mi, ẹ jẹ́ ká lọ lọ́la."

Ìyá ní, "Ojú aboyún máa ń ṣe bẹ́ẹ̀."

"Ìyá, ẹ dákun," ni Kọ́lá wí, ó kúnlẹ̀ síwájú wọn, "oyún wo ló pẹ́ tó báyìí tí kò yọ síta?"

Ọkọ mi ló wá fi oríkì mi pè mí. Ó ní, "Àdùkẹ́, gbogbo ìgbà tí mò ń bínú sí ọ pé o gbá nǹkan dànù…" Kò parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó ní, "A ń lọ lọ́la."

Bí àkùkọ ti kọ la ti wà lójú títì. Bí a ṣe dé ilé ìwòsàn ńlá n'Ìbàdàn, èrò ti kún bẹ́ǹṣì níbi tí wọ́n ti ń wo ojú, àwọn kan sì ti tẹ́ ẹní sílẹ̀, wọ́n dùbúlẹ̀. A to ìlà gba káàdì, a to ìlà san owó, a tún to ìlà kí wọ́n tó pe orúkọ. Bàbá kan tó wá láti Mọ́níyà jókòó tì mí, wọ́n fi òwú bo ojú wọn kan. Wọ́n ní, "Ìyàwó, bá mi wo ìlà yìí bóyá ó ń rìn. Ojú kan ni mo mú wá."

Mo ní, "Bàbá, iwájú nìkan lèmi náà ń rí."

"Ó parí. Ìwọ máa wo iwájú, èmi á máa wo ẹ̀gbẹ́." A rẹ́rìn-ín. Bí ẹ bá ń lọ síbẹ̀, ẹ mú oúnjẹ dání, ẹ mú ẹni tó lè bá yín sọ̀rọ̀ dání. Ìlà yẹn lè fọ́ ọkàn èèyàn ju àìsàn lọ.

Dókítà tó wò mí, obìnrin ni, ó sì kéré sí mi. Ó ní kí n bo ojú kan, ó ń gbé bírò kiri bí Bísí ti gbé awẹ́. Ó fi iná wo inú ẹyinjú mi. Lẹ́yìn náà ló gbé bírò sílẹ̀, ó ní, "Mà, ṣé nǹkan oṣù yín ń wá déédéé?"

Mo wo ọkọ mi. Mo ní kò wá.

"Ṣé omi ń jáde lọ́yàn yín?"

Mo bú sẹ́kún. Ojú ni mo gbé wá, ta ló sọ̀rọ̀ ọyàn mi fún un? Gbogbo oṣù tí mo fi ń fi aṣọ bo àyà, tí mo rò pé ohun tó ń ṣe mí kò lórúkọ láyé, ọmọbìnrin yìí ti mọ̀ ọ́n kí n tó sọ. Mi ò lè ṣàlàyé bí ọkàn mi ṣe fúyẹ́ tó lọ́jọ́ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìròyìn burúkú ló kù tó máa sọ.

Ó ṣàlàyé fún wa. Ó ní ohun kékeré kan wà lábẹ́ ọpọlọ gbogbo èèyàn, kò ju hóró ẹ̀wà lọ, òun ló ń pàṣẹ fún omi ọyàn àti nǹkan oṣù. Okùn ojú méjèèjì gba orí rẹ̀ kọjá. Bí kókó bá hù lára hóró náà, tó sì tóbi, á máa ti okùn ojú, bí ìgbà tí èèyàn tẹ rọ́bà omi mọ́lẹ̀. Ó rò pé ohun tó ṣe mí nìyẹn. Kì í ṣe ohun tó fọ́ bàbá Bísí lójú, ṣùgbọ́n bí Bísí kò bá fura, tèmi náà ì bá lọ.

A ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Wọ́n ní ká lọ ya àwòrán inú orí, ẹ̀rọ tó ń yà á sì bàjẹ́, a ń lọ, a ń bọ̀. Ọkọ mi ta alùpùpù rẹ̀, ó ń wọ mọ́tò lọ síbi iṣẹ́. Nígbà tí àwòrán jáde, ọ̀gá dókítà sọ ọ́ fún wa lójúkojú. Kókó wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ìgbà yẹn ni nọ́ọ̀sì dì mí mú dé orí bẹ́ǹṣì. Ó ní, "Ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Kì í ṣe jẹjẹrẹ." Ó ní iṣẹ́ abẹ wà, ṣùgbọ́n oògùn oníhóró kan wà tó máa ń mú irú kókó yìí súnkì. A máa kọ́kọ́ lo ìyẹn, wọ́n á máa ṣọ́ ojú mi. Bí ojú bá ń burú sí i, abẹ ló kù.

Ìròyìn dé ilé, ẹbí pé jọ. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi wá láti Ẹ̀gbẹ́dá, wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ la orí ìyàwó àwọn. Wọ́n mọ ẹnì kan tó lè sín gbẹ́rẹ́ sí mi ní àtàrí, kókó á sì gba ibẹ̀ jáde. Ìyá kan ládùúgbò ní kí n máa kán oje ewé sójú. Ọkọ mi ń wo ilẹ̀. Mo rò pé Ìyá á gbè sí wọn lẹ́yìn, ṣùgbọ́n Ìyá dìde. Wọ́n gba ilé àdúrà lọ, wọ́n sì mú wòlíì wá. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi bi wòlíì léèrè pé oyún tí wọ́n rí dà.

Wòlíì fọwọ́ pa irùngbọ̀n. Wọ́n ní, "Èmi ní mo rí ohun tó ń dàgbà nínú rẹ̀. N ò sọ pé ikùn ló wà."

Àwa tí a wà nínú ìpọ́njú, a rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Wòlíì náà rẹ́rìn-ín. Wọ́n wá ní kí n lo oògùn tí dókítà fún mi, ìjọ á máa gbàdúrà sí i. Ọ̀rọ̀ gbẹ́rẹ́ parí síbẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Ìyá pè mí wọ iyàrá wọn. Wọ́n ṣí àpótí aṣọ, wọ́n mú aṣọ ọmọ kékeré kan jáde, funfun, wọ́n ti fi ọwọ́ rán ọrùn rẹ̀ yípo. Mi ò mọ̀ pé wọ́n ti ń rán an. Ojú tì mí, bí ẹni tó jẹ wọ́n ní gbèsè ọmọ. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ìyá, ẹ má bínú."

"Bínú sí ta?" Wọ́n gbá mi lágbọ̀n mú, wọ́n gbé ojú mi sókè. "Wò mí. Ṣé ò ń rí mi?"

"Mò ń rí yín, Ìyá."

"Ìwọ ni mo ní. Ọmọ tí mi ò tíì rí kò lè ṣe nǹkan kan fún mi. Lọ lo oògùn rẹ." Lọ́sẹ̀ yẹn náà ni wọ́n gbé aṣọ náà fún ọmọ tuntun kan ní ojúlé kejì wa.

Mi ò ní tàn yín, oògùn náà le. Ó ń gbé èébì bá mi, ilẹ̀ á máa yí bí mo bá dìde. Ó wọ́n, ó sì ṣòro láti rí rà n'Ìbàdàn. Kọ́lá ń wá a ní Kàdúná, ó ń fi rán awakọ̀ tó mọ̀. Ó tó ìgbà mélòó kan tí mo ní mi ò lò ó mọ́. Ọkọ mi á po ògì, á jókòó tì mí títí mo fi gbé hóró náà mì. Kì í bá mi jiyàn. Á kàn ní, "Mo ti po ògì," á sì dúró.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, omi ọyàn ló kọ́kọ́ dá. Lẹ́yìn náà, orí fífọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo jókòó lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, mò ń ṣa ẹ̀wà, mo sì wo inú ìsasùn tààrà. Nǹkan kan ń mì lápá òsì mi. Mi ò yí orí. Adìẹ ni, ó ń rìn bọ̀ wá jí ẹ̀wà mi. Mo rí i láti ìdí igi ìbẹ́pẹ ibi tó ti ń bọ̀. Mo figbe ta, "Adìẹ! Adìẹ o!" Ìyá sáré jáde pẹ̀lú ìgbálẹ̀, wọ́n rò pé ejò ni. Nígbà tí wọ́n gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, wọ́n ju ìgbálẹ̀ nù, wọ́n fún adìẹ náà ní ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀wà.

Kọ́lá àti àwọn ará ilé rẹ̀ tún wá kí wa nígbà ọdún Kérésì. Mo ti tẹ́ ẹní sílẹ̀ kí wọ́n tó sọ ẹrù kalẹ̀. Bísí kò jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ eré, ó kọ́kọ́ jókòó síwájú mi, ó ní kí n wo imú òun. Mo rí ọwọ́ rẹ̀ lápá ọ̀tún kó tó gbé e kúrò lẹ́bàá èjìká. Lápá òsì, ó ku díẹ̀, ṣùgbọ́n mo rí i. Ó dì mọ́ mi. Lẹ́yìn náà la wá bẹ̀rẹ̀ ìjà wa. Lọ́tẹ̀ yìí, èmi ni mo ń rí awẹ́ tí àwọn yòókù ń wá, mo sì ń jí ti Kọ́lá kó lójú ara rẹ̀. Ìyá gba ọkọ̀ pupa lọ́wọ́ ọkọ mi, wọ́n ní kò mọ̀ ọ́n tò. Nígbà tí a parí, awẹ́ kan kò sí lójú ọ̀run, ewúrẹ́ ló jẹ ẹ́ tàbí ó ṣubú ní Kàdúná, a ò mọ̀. A fi ilé funfun náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ lórí tábìlì fún gbogbo ìgbà tí wọ́n fi wà lọ́dọ̀ wa, a sì ń jẹun lórí ẹní.

Ó ti pẹ́ díẹ̀ báyìí. Mo ṣì ń lo oògùn náà, ìwọ̀nba ni, kò sì gbé èébì bá mi mọ́. Wọn kò la orí mi. Nǹkan oṣù mi padà. Ọmọ mìíràn kò wá, a sì ti fi ìyẹn lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Ibì kan wà lókè lápá òsì ojú mi tí kò mọ́lẹ̀ tó bó ṣe yẹ, dókítà ní ó ṣeé ṣe kó wà bẹ́ẹ̀. Mo ti mọ̀ ọ́n lára. Ẹ̀yin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ tiyín fún, ẹ bi dókítà ní gbogbo ohun tó bá ń jẹ yín lọ́kàn, kódà èyí tó ń ti yín lójú. Bí ará ilé yín bá ń gbá nǹkan dànù lójoojúmọ́, ẹ má kàn máa bú u. Ẹ wo ojú rẹ̀.

Nígbà tí mo lọ fún àyẹ̀wò láìpẹ́ yìí, dókítà wo àwòrán tuntun, ó ní kókó náà ti rọ, ó ti kéré, kí n máa wá lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Mo dúpẹ́, mo jáde, mo wọ mọ́tò tó ń lọ sí Ìwó, torí Lálúpọn ló máa gbà kọjá. Mo jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, atẹ́gùn ń fẹ́ sí mi lára. Ohun tí mo mọ̀ kẹ́yìn nìyẹn. Nígbà tí ẹnì kan fọwọ́ kàn mí léjìká, mọ́tò ti dúró, gbogbo èrò ti sọ̀, awakọ̀ ń wò mí.

"Mà, ibo lẹ̀ ń lọ?"

"Lálúpọn."

"Lálúpọn kẹ̀? Ìwó la wà yìí. A pariwo Lálúpọn títí, ẹ ń sùn."

Ìrọ̀lẹ́ ti ń lọ kí n tó délé. Ọkọ mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. "Ìyá Túnjí, kí ni dókítà sọ tó pẹ́ tó báyìí?"

Mo ní, "Ó ní ara mi ti yá. Oorun ló gbé mi dé Ìwó."

Ó gba báàgì lọ́wọ́ mi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó ń rẹ́rìn-ín títí a fi wọlé.